Fáànù kọ́ ni yóò mú ESC inú ọkọ̀ ojú omi onírìmóòtù tutù

Ta ló sọ fún àwọn tó ń ta ESC, ẹ̀rọ kékeré tó ń darí iná bátìrì tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ onírìmóòtù, pé ohun tí omi kì í wọ̀ kò lè gbóná? ESC tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onírìmóòtù ni wọ́n á mú, wọ́n á kọ ọ́ sára páálí pé omi kò lè bà á jẹ́, wọ́n á wá tà á fún àwa tí ọkọ̀ onírìmóòtù tiwa ń rìn lórí omi. Fáànù kékeré kan ló máa jókòó lórí rẹ̀. Kí ni fáànù fẹ́ ṣe níbẹ̀? Téèpù la fi ń lẹ ìdérí ọkọ̀ wa pa kí omi má baà ráyè wọlé! Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan náà ni yóò máa fẹ́ kiri títí ESC á fi pa iná ara rẹ̀. Èyí tí kò bá mọ bí a ti ń pa iná ara ẹni, èéfín la ó rí.

Ẹ tún wo 120 amp (ìwọ̀n iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá) gàdàgbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹ ka ìwé pélébé inú páálí dáadáa: ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló lè fi gbé e. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè yí lọ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá jáwọ́ lórí iná, ESC rẹ̀ á sì sinmi. Tiwa kò nírú ìsinmi bẹ́ẹ̀, omi ń dá a dúró ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí amp bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin.

Àwọn tó tiẹ̀ ń fi omi mú tiwọn tutù ńkọ́? Ọ̀nà tó dára nìyẹn o: ẹnu páìpù kan lẹ́yìn pùròpẹ́là á gba omi, omi á gba inú rọ́bà kọjá lára ESC, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì, á tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n lu sí ẹnu páìpù yẹn kéré débi pé ewé odò kan ṣoṣo ti dí i. Nínú èyí tí mo rà ní títò láti ṣọ́ọ̀bù, rọ́bà ti ká kò sábẹ́ bátìrì, ara ẹ́ńjìnnì ni omi sì kọ́kọ́ ń gbà. Omi tó ti gbóná ni wọ́n fi ń mú ESC tutù, èyí tí kò fara da ooru rárá!

Nígbà tí ESC náà jó, mo dá a padà fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ gbọ́ èsì: wọ́n ní omi ló kàn án, àwọn kò ní pààrọ̀ rẹ̀. Omi tí wọ́n kọ sára páálí pé kò lè ṣe é ní nǹkan kan!

Ẹ kọ amp tó lè gbé láìdúró síwájú páálí, kó hàn gbangba. Ẹ lu ihò omi tó fẹ̀. Kí ẹ sì dá owó mi padà.