Ta Ló Gbé Oògùn Náà Lé E Lọ́wọ́?

Ilé ẹjọ́ eré ìdárayá lágbàáyé, CAS, ti sọ tiẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Paul Pogba, agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bá oògùn tí òfin kà léèwọ̀ lára ẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí wọ́n ní kó fi jókòó sílé ti di oṣù 18, ó sì lè padà sórí pápá láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025. Nígbà tí ìròyìn náà jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2024, àríyànjiyàn tó gba gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù kan ni bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì máa dà bíi ti tẹ́lẹ̀, àti ẹgbẹ́ tó máa gbà á. Ìyẹn kọ́ ló jẹ wá lógún. Ohun kan wà nínú ìdájọ́ náà táwọn èèyàn ń fò kọjá, òun la fẹ́ di mú.

CAS ní Pogba ò mọ̀ọ́mọ̀ lo DHEA, ìyẹn ohun tí wọ́n bá lára ẹ̀. Dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Florida ló júwe oògùn afúnnilókun kan fún un, wọ́n sì ti fi dá a lójú pé dókítà náà, tó ní òun ń tọ́jú àwọn eléré ìdárayá tó lórúkọ, mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Ilé ẹjọ́ ò sọ pé ọwọ́ Pogba mọ́ o. Wọ́n ní ó yẹ kó ṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì fara mọ́ ọn. Ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ò lè sọ pé òun ò mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e mì ti jìyà. Ẹni tó júwe ẹ̀ ńkọ́?

Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ títí tí ẹnu fi ń ro wá: bí wọ́n bá rí oògùn tí òfin kà léèwọ̀ lára agbábọ́ọ̀lù, iye ọdún tí wọ́n máa fi lé e kúrò lórí pápá kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó gbé e lé e lọ́wọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ wá. Òfin tó wà nílẹ̀ ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ eléré ìdárayá, ọrùn ẹ̀ ló wà. A ò ta ko òfin yẹn. Láìsí i, kò sẹ́ni tọ́wọ́ máa tẹ̀ tí ò ní sọ pé òun ò mọ̀. Àmọ́ ìwé òfin kan náà, ti WADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá lágbàáyé, ló fàyè sílẹ̀ láti fìyà jẹ dókítà, kóòṣì àti òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ tó bá lọ́wọ́ sí i. Apá kan òfin ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, apá kejì ń sùn. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ojú àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an ni èyí tó lókìkí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1994 ni, ní Foxborough lẹ́bàá Boston, nígbà tí Super Eagles kọ́kọ́ lọ síbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé, tí wọ́n ń bá Argentina gbá. Samson Siasia ti gbá tiwa wọlé kí Claudio Caniggia tó gbá méjì sáwọ̀n wa. Nígbà tí fèrè ìparí dún, nọ́ọ̀sì kan tó wọ aṣọ funfun wá sórí pápá, ó di Diego Maradona lọ́wọ́ mú, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn lọ bí ẹni ń lọ síbi àríyá, Maradona ń rẹ́rìn-ín. Ibi àyẹ̀wò ìtọ̀ ni wọ́n ń lọ. Ephedrine, oògùn amáratají tí òfin kà léèwọ̀, ni wọ́n rí níbẹ̀. FIFA lé e fún oṣù 15, kò sì wọ jẹ́sì Argentina gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ wá wo ẹni tó jẹ́ ọ̀gá bọ́ọ̀lù Argentina lọ́jọ́ náà. Julio Grondona ni, òun kan náà tún ni igbákejì ààrẹ FIFA. Lọ́dún 2011, Maradona sọ ọ́ síta pé nígbà tí wọ́n ń bá Australia du ààyè tó kẹ́yìn lọ́dún 1993, wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní kọfí tí wọ́n po nǹkan mọ́, àti pé Grondona ti sọ fún wọn pé kò ní sí àyẹ̀wò. Ẹ̀sùn lásán lèyí, kò sí ilé ẹjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀sùn ni pé wọn ò ṣe àyẹ̀wò oògùn níbi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà lóòótọ́. Ọdún 1979 ni Grondona gorí àga ọ̀gá bọ́ọ̀lù Argentina, ikú ló gbé e kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2014.

Juventus ni Pogba wà nígbà tí wọ́n gba ìtọ̀ ẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2023. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹgbẹ́ náà ló fún un ní oògùn, àwa náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ yẹn ni adájọ́-olùwádìí Raffaele Guariniello wọ inú ilé oògùn ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí kóòṣì Zdenek Zeman pariwo lọ́dún 1998 pé kí bọ́ọ̀lù Ítálì jáde kúrò ní kẹ́míìsì. Oríṣi oògùn 281 ni wọ́n bá níbẹ̀. Oríṣi 281 fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ara wọn le! Wọ́n dá dókítà ẹgbẹ́ náà lẹ́bi lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a sílẹ̀ lọ́dún 2005, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì fi máa dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 2007, àkókò ti kọjá lórí ẹjọ́ náà. Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù Kolo Touré lo oògùn ìyàwó ẹ̀, ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Oògùn ìyàwó ni André Onana náà ṣèèṣì lò, oṣù mẹ́sàn-án ni tiẹ̀ lẹ́yìn tí CAS ti bá a dín in kù. Fún agbábọ́ọ̀lù, àkókò kì í kọjá lórí ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé, torí ibí yìí gan-an ló ń dùn wá.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni WADA ti fi tramadol, oògùn apàrora tó le, kún ohun tí eléré ìdárayá ò gbọdọ̀ lò lọ́jọ́ ìdíje. Tramadol, tí ọlọ́kadà ń gbé mì, tí awakọ̀ ń gbé mì, tí alágbàṣe ń gbé mì kí ara lè gbé iṣẹ́. Nílùú tí wọ́n ti ń tà á bí ẹni ta ẹ̀pà, ta ló ti jókòó ti àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì wa, tó là á yé wọn pé hóró kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn? Ká má tíì sọ ti àgbo inú ike tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

Akọ̀ròyìn wa kan jókòó sẹ́yìn àwọn arọ́pò ẹgbẹ́ kan nínú líìgì wa láìpẹ́ yìí. Ọmọkùnrin kan di orúnkún mú, ó ń tiro bọ̀. Ọkùnrin tó ń bá wọn ru báàgì jẹ́sì tú lọ́rà dúdú kan, ó yọ hóró oògùn méjì tí kò sí nínú páálí kankan, ó kó o sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ò béèrè orúkọ ẹ̀. Ó fi eyín já lọ́rà píọ́ wọ́tà, ó gbé e mì, ó sì padà wọlé. Ó lè jẹ́ panadol. Ohun tó bà wá lẹ́rù ni pé nínú gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kóòṣì àti akọ̀wé ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó jẹ́. Bí wọ́n bá gba ìtọ̀ ọmọ yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ta ló máa jẹ́jọ́?

Ẹ má sọ fún wa pé irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Níbi ìdíje Olympics Tokyo lọ́dún 2021, ọmọ Nàìjíríà mẹ́wàá ni wọn ò jẹ́ kó díje nínú àwọn 18 tí wọ́n dá dúró, torí pé wọn ò ṣe iye àyẹ̀wò tí òfin ní kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n bá oògùn lára wọn. Àwọn ọ̀gá tó yẹ kó ṣètò àyẹ̀wò ni ò ṣètò ẹ̀ bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ náà sì gbé páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí rìn ní Tokyo, wọ́n ń béèrè ìdí táwọn fi máa jìyà ohun tẹ́lòmíràn ò ṣe. Eré sísá nìyẹn, ti bọ́ọ̀lù kọ́, àmọ́ irú ọ̀gá kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa, lè yára bó bá wù wọ́n. Lọ́dún 2013 tí ẹgbẹ́ kan fi àmì ayò 79 sí òdo na ẹlòmíràn, tí gbogbo ayé sì ń fi wá ṣẹ̀sín, kíá ni wọ́n lé agbábọ́ọ̀lù àti òṣìṣẹ́ kúrò nídìí bọ́ọ̀lù títí láé. Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ oògùn fi ń lọ bí ìgbín?

A ti mọ èsì tí wọ́n máa fún wa: wọ́n máa gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ wo tún ni, ẹ̀yin ọ̀gá? Ó ti sú wa! Kò sí ilé àyẹ̀wò kankan nílẹ̀ yìí tí WADA fọwọ́ sí, òkè òkun ni ìtọ̀ àwọn ọmọ wa ń lọ. Kenya ṣe òfin tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2016. Títí di ọdún 2024, tiwa dà?

Ohun tá à ń béèrè kò nílò ìgbìmọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú líìgì sọ orúkọ dókítà wọn, ká rí ìwé àṣẹ ẹ̀. Kó ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo oògùn tí wọ́n fún agbábọ́ọ̀lù sí: orúkọ oògùn, ọjọ́, ìbuwọ́lùwé ẹni tó fún un. Kí NFF tẹ iye àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní sáà tó kọjá jáde, kí wọ́n sì túmọ̀ orúkọ àwọn ohun tí òfin kà léèwọ̀ sí Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Píjìn, torí ìwé tí ọmọ ò lè kà kì í ṣe ìkìlọ̀. Bí ọwọ́ bá sì tẹ agbábọ́ọ̀lù kan, kí dókítà àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹ̀ jókòó síwájú ìgbẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan náà tí òun náà jókòó.

Ìyà Pogba ti parí lóṣù kẹta ọdún 2025. A ṣì fẹ́ rí ìwé àyẹ̀wò sáà tó kọjá. Bí a ò bá rí i, a máa dárúkọ àwọn tó kọ̀ láti fún wa, lójú ewé yìí kan náà.