Ọmọ sọnù, ẹ tún ní ká tọrọ àyè ká tó kígbe?

Mo pín ìròyìn kan nípa Feather Alert ti Kalifóníà, ìkéde pàjáwìrì tó máa ń dé orí fóònù aráàlú bí ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà bá sọnù, ni ẹnìkan bá ní ojúsàájú ni kí ẹ̀yà kan ní ìkéde tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní ṣé kò sí ìkéde AMBER ni?

AMBER wà o. Ọmọdé tí wọ́n jí gbé ló wà fún. Ìkéde Silver, tàwọn arúgbó ni, àti àwọn tí iyè wọn ti ń rá. Obìnrin ẹni ọdún 24 tó jáde nílé tí kò padà wálé ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, Navajo, Yurok àti àwọn yòókù, ti ń sọnù tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ní ọdún 2016, ẹ̀sùn 5,712 nípa obìnrin àti ọmọbìnrin wọn tó sọnù ló dé etí ìjọba àpapọ̀. Nínú àkójọ àwọn tó sọnù tí ẹ̀ka ètò ìdájọ́ ń tọ́jú, 116 péré ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹ tún un kà.

Ìdí nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Washington fi kọ́kọ́ ṣòfin ìkéde tiwọn ní 2022. Ti Kalifóníà, tí aṣòfin James Ramos tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 2023.

Ibi tó ti ń dùn mí ni pé ọwọ́ àwọn ọlọ́pàá òpópónà ìpínlẹ̀, CHP, ni bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ìkéde jáde wà. Ẹbí á sáré lọ bá ọlọ́pàá àdúgbò, ìyẹn á kọ̀wé sí CHP, CHP á wá jókòó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà kún ojú òṣùwọ̀n. Àwọn ẹ̀yà pariwo títí pé CHP ń kọ̀ láti gba ìbéèrè àwọn, kí wọ́n tó tún òfin náà ṣe ní 2024. Ní báyìí ẹ̀yà lè bá CHP sọ̀rọ̀ tààrà, CHP sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín wákàtí 48.

Wákàtí 48 kẹ̀! Ẹni tó gbé èèyàn sínú ọkọ̀ á ti la ìpínlẹ̀ mélòó kọjá? Ní 2016, wọ́n gbé ọmọbìnrin ẹni ọdún 11 kan lórí ilẹ̀ Navajo lẹ́yìn tó jáde nílé ìwé. Òru ti jìn kí ìkéde tó jáde. Òkú ọmọ ni wọ́n rí.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọ̀nyí ní ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tiwọn. Ẹ gbé bọ́tìnnì náà fún wọn. Àwọn kan ní bí ìkéde bá pọ̀ jù, aráàlú á máa pa á tì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi ò kọ̀ kí fóònù mi dún lásán lóru.