Ọkọ Ọmọ Wa Kì í Ṣe Àlejò

Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó tí wọ́n pín ilẹ̀ Kétu mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó di ara Nàìjíríà. Ìlú Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ó di ara ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò torí ìyẹn ṣíwọ́ àtimáa fẹ́ ọmọ ara wọn.

Ká ní ọmọkùnrin Ìmẹ̀kọ kan wá fẹ́ ọmọ Kétu. Abala 26 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 gba ìyàwó náà láyè láti forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ onílùú, bí ìwà rẹ̀ bá dára, tó fi hàn pé Nàìjíríà lòun fẹ́ fi ṣe ilé, tó sì búra. Abala yẹn ò bi í ní ọdún mélòó tó ti lò nílé ọkọ. Kódà bí ilé bá ti tú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ òfin náà ò lé e sẹ́yìn.

Ẹ wá yí i padà, kó jẹ́ ọmọbìnrin Ìmẹ̀kọ ló fẹ́ ọkùnrin Kétu. Bàbá ọkọ ti san owó orí, ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àna, wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ wúre fún wọn. Abala 26 ò mọ̀ ọ́n rí. Abala 27 ni yóò gbà, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọdún 15 tó ti fi gbé Nàìjíríà, tí gómìnà á sì tún sọ bóyá àwọn ará àdúgbò tẹ́wọ́ gbà á, bóyá ó ti mọ ìṣe wọn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé èdè kan náà ni òun àti àna rẹ̀ fi ń bú ara wọn! Kí ni gómìnà tún fẹ́ bi wọ́n?

Ti àwọn ọmọ ló wá yani lẹ́nu jù. Abala 25 ní ọmọ Nàìjíríà ni ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ìyá jẹ́ onílé, àwọn ọmọ jẹ́ onílé, bàbá tó ń san owó iléèwé nìkan ni àlejò.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àbá láti tún abala 26 ṣe, kí ọkọ náà lè forúkọ sílẹ̀, dé iwájú àwọn aṣòfin l'Ábùjá, kò rí ìbò tó tó. Àwọn obìnrin lọ kóra jọ sẹ́nu géètì wọn. Síbẹ̀, abala 26 ṣì wà bó ṣe wà.

Àwọn tí ò fẹ́ àtúnṣe náà ní nílé wa, obìnrin ló ń tẹ̀lé ọkọ. Ó dáa. Ṣùgbọ́n níbi ìdáná kan náà la ti ń sọ pé a gba ọmọ kún ọmọ. Àwíjàre wọn kejì, pé àwọn àjèjì á máa torí ìwé fẹ́ ọmọ wa, kì í ṣe irọ́. Àwa tí ọmọ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lókè òkun la mọ̀ ọ́n jù. Ọdún ni wọ́n fi ń dí i níbẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ẹni tó fẹ́ ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún 3, ì báà ṣe ọkọ, ì báà ṣe aya. Gánà náà ti dárúkọ tọkùnrin tobìnrin nínú ìwé òfin rẹ̀ láti 1992.

Ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 ni àtúnṣe náà ń fẹ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Ìmẹ̀kọ wà nínú rẹ̀, ló yẹ kó ṣíwájú wọn. Níbi tí abala 26 ti dárúkọ obìnrin, kí wọ́n kọ “ọkọ tàbí aya”, kí wọ́n sì béèrè ọdún 5 nínú ìgbéyàwó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.