Kì í ṣe Yorùbá ló ń mú wọn fìdí rẹmi

Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ti sọ tirẹ̀ lóṣù kọkànlá ọdún 2025: wọ́n ti wọ́gi lé ìlànà èdè abínibí, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́mọ láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ló ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà náà, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló sì wà fún. Ọmọ tó ṣe WAEC lọ́dún 2025 ti jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 2019. Ibo ni ìlànà ọ̀hún ti pàdé rẹ̀? Bí mínísítà bá ní ẹ̀rí mìíràn, kó gbé e síta: ìpínlẹ̀ wo, ilé ìwé wo, iṣẹ́ wo?

A ti ń sọ ọ́ lójú ewé yìí tipẹ́ pé àìyé lohun tó ń pa kẹ́mísírì ní girama. Ọ̀kan nínú wa jókòó sẹ́yìn kíláàsì SS1 kan ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí. A ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí kì í ṣe òun nìkan. Tíṣà ka ìtumọ̀ mátà, ìyẹn ohunkóhun tó wúwo tó sì gba àyè, lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo kíláàsì gbè é bí orin. Ó ní kí wọ́n ṣàlàyé, kẹ́kẹ́ pa. Ló bá wo ẹnu ọ̀nà bóyá pirinsípà ń bọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ta ni ìyá ẹ̀ ń ta òrí lọ́jà Jagun? Kí ló ń ṣe òrí lọ́sàn-án?"

"Ó máa ń yọ́, sà. Tílẹ̀ bá tutù, á tún dì."

"Àdín náà máa ń dì lọ́yẹ́, sà."

Ọmọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ní káńfọ̀ tí màmá òun fi sáàárín aṣọ kì í yọ́, síbẹ̀ ó ń tán. Ìwé máa ń fi odindi ìpínrọ̀ ṣàlàyé ohun líle tó di afẹ́fẹ́ láìkọ́kọ́ di olómi. Ọmọ yìí ti fi gbólóhùn kan parí rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bí átọ́ọ̀mù, èérún tín-ín-tìn-ìn tí gbogbo nǹkan fi wà, ṣe ń so pọ̀, òwe ni tíṣà fà yọ: àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní. Háídírójìn mú ẹlẹ́kítíróònù kan, èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù, wá, ọ́síjìn mú kan wá, wọ́n jọ ń lò ó. Bómi ṣe rí nìyẹn. Iyọ̀ yàtọ̀. Sódíọ̀mù fi ẹlẹ́kítíróònù tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá fún kílórínì, òun di pọ́sítíìfù, kílórínì di nẹ́gátíìfù, ni wọ́n bá fà mọ́ra wọn. Ìfàmọ́ra náà le débi pé ó di ooru 801 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì kí iyọ̀ tó yọ́. Ẹ da òun àti ṣúgà sínú páànù gbígbóná: ṣúgà á yọ́, á dúdú, iyọ̀ á kàn máa wòran yín ni.

Ṣùgbọ́n wọn ò rí páànù. Làbù wà, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ó di kí WAEC kù sí dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n tó di bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn olómi, mú.

A ò sọ pé kí a gba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ. Òun ni wọ́n máa fi dáhùn ìdánwò, ó sì yẹ kí wọ́n mọ orúkọ nǹkan níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ yé wọn ná. Ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, Babs Fafunwa, dán èyí wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970: ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́mọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì tún mọ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Fafunwa yìí kan náà padà jókòó sórí àga tí Alausa wà lónìí. Ṣé fáìlì rẹ̀ ti sọnù ní Àbújá ni?

Èsì táwọn aláṣẹ máa ń fọ̀ ni pé àwọn ń gbé e yẹ̀ wò. Kí ni wọ́n ń gbé yẹ̀ wò? Kọ́kọ́rọ́ làbù? Yunifásítì LAUTECH ti wà nílùú yìí láti 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì kún ibẹ̀. Ta ló ti ké sí wọn? Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ ọ́ sí lẹ́tà pé tíṣà lè fi Yorùbá ṣàlàyé láìwo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì ṣí àwọn làbù náà kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé. Bí wọ́n bá ní owó ò sí, owó ìtanràn táwọn ilé ìwé kan ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, kí wọ́n fi ra páànù àti iyọ̀.