Òjó kì í ṣe ọmọ òjò

Ta ló kọ́kọ́ sọ pé ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n bí gbogbo Òjó? Ọ̀rọ̀ náà ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn tó ń wá orúkọ ọmọ tuntun sì ń gbé e fún ara wọn. Irọ́ ni.

Àmútọ̀runwá ni Òjó. Ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé là ń pè bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ obìnrin, Àìná ni. Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, kì í sì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òjò ló sọ Òjó lórúkọ, kí ló wá sọ Àìná? Oòrùn?

Ọmọ tó bá òjò wáyé ní orúkọ tirẹ̀, Béjìdé. Èjì ni òjò. Ẹ lọ fún un ní tirẹ̀, kẹ́ ẹ fi Òjó sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àìfàmì sórí ọ̀rọ̀ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Lórí káàdì ìdìbò, “Ojo” lásán ni wọ́n ń kọ, kálukú á wá kà á bó ṣe wù ú. Onígángan ò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá ń ki Òjó lóde ìnáwó, á lu ohùn àkọ́kọ́ nísàlẹ̀, á wá fún ọsán ìlù mọ́ abíyá kí ìkejì lè ròkè. Bí méjèèjì bá wà nísàlẹ̀, òjò ló ń pè yẹn, alága ò sì ní náwó.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé Òjó máa ń ya ìpáǹle. Inú oríkì ni wọ́n ti mú un, níbi tí wọ́n ti ní ọmọ adìẹ ń dàgbà nígbà tí Òjó ò sí nílé. Àwàdà ìkíni lèyí, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìwọ́ tó wé mọ́ ọmọ lọ́rùn ò tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n: nínú ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, a lè rí ẹyọ kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, agbẹ̀bí á fi ìka gbé e kọjá lórí ọmọ, ó tán. Ṣé gbogbo wọn ló di ìpáǹle?

Ọ̀pọ̀ Òjó òde òní ló sì jẹ́ pé orúkọ bàbá ńlá wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ìyáàfin Òjó tó gba orúkọ náà nílé ọkọ ńkọ́, ìwọ́ ta ló gbé kọ́rùn? Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe bí Òjó kan, kó lọ bi ìyá rẹ̀.