Ẹ Fi Ìyá Olóúnjẹ Sílẹ̀, Ẹ Lọ Bá Oníléeṣẹ́

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá láti fòfin de ike àlòsọnù ti pé. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024 tí wọ́n ti fòfin de abọ́ fóòmù tí àwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì, oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi sílẹ̀ kí gbogbo ọjà fi palẹ̀ mọ́. Ní báyìí, ife ike, ṣíbí ike, sítírọ́ọ̀ àti ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù náà ti di èèwọ̀. A fara mọ́ òfin yìí. Ẹni tó bá rí ojú gọ́tà Mushin lẹ́yìn òjò kò ní bá ìjọba jà lórí rẹ̀.

Ohun tí a ò fara mọ́ ni ẹni tí wọ́n gbé òfin náà lọ bá.

Ẹ wo ti ọ̀rá yẹn. Máíkírọ́ọ̀nù kan ò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ. Ojú lásán kò lè mọ 35 yàtọ̀ sí 40. Irin-iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyá tó ń ta tòmátì ní Mile 12, kí ni yóò fi wọ̀n ọ́n? Òṣìṣẹ́ KAI, agbófinró ìmọ́tótó Èkó, tó fẹ́ mú un gan-an ńkọ́? Àmọ́ ọ̀gá tó wà nídìí ẹ̀rọ nílé-iṣẹ́ ọ̀rá mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń yí ẹ̀rọ sí bí ọ̀rá yóò ṣe nípọn tó. Wọn kì í gbé ilé-iṣẹ́ kiri lórí igbá. Ó ní àdírẹ́sì, ó ní ìwé àṣẹ. Kí ló wá dé tó jẹ́ ọjà àti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn yóò tì pa?

A ti ń sọ ọ́ lójú ewé yìí tipẹ́: ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni kó pọ̀n ọ́n. Ẹni tó ṣe ike ni kó wá bí ike yóò ṣe padà sílé. Àwọn tó ń ṣe mínírà kò sì lè sọ pé àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àgbà wo níbí ni kò rántí ayé ìgò? Bí o kò bá mú òfìfo dání, o máa fi owó ìgò sílẹ̀, àbí kí o dúró síbẹ̀ mu ún tán. Ọmọdé á máa wá ìgò kiri abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ta ló jẹ́ ju ìgò sí gọ́tà nígbà náà? Owó ni. Ọkọ̀ tó gbé kíréètì wá náà ló ń gbé òfìfo lọ, ilé-iṣẹ́ ló ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n á tún rọ mínírà sínú rẹ̀. Nígbà tí ike dé, wọ́n mú èrè, wọ́n fi kíkó rẹ̀ sílẹ̀ fún LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí Èkó, àti àwọn ọmọ tó ń ṣa á lórí ààtàn Ọ̀jọ́ta. Jámánì ti gbé irú owó ìgò bẹ́ẹ̀ lé ike lórí láti ọdún 2003, sẹ́ǹtì 25 lórí ẹyọ kan. Wọn ò gbọ́n jù wá lọ; wọ́n kàn fi òfin mú oníléeṣẹ́ ni.

Òfin tuntun yìí kò kan ọ̀rá píọ̀wọ́tà àti ike omi. A mọ̀dí ẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò yọ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ẹni tó bá fòfin de píọ̀wọ́tà lónìí ti fòfin de omi mímu nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a ò bá lè fòfin dè é, a lè gbé owó lé e. Ike omi ń rí ẹni ṣa á torí wọ́n ń wọ̀n ọ́n rà. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà fúyẹ́, ó máa ń dọ̀tí, èèyàn á ṣa á títí kó tó pé kílò kan, ló ṣe ń wà nílẹ̀. Ẹ fi náírà díẹ̀ lé owó àpò kan, kí oníbàárà gbà á padà bó bá kó ogún ọ̀rá inú rẹ̀ wá, kí ẹ wá wò ó bóyá ẹ ó rí ẹyọ kan nílẹ̀ ní Òṣòdì.

Kí wá ni ìjọba ń ṣe sí oníléeṣẹ́? Ìpàdé. Láti ọdún 2020 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìdọ̀tí ike ti wà nínú ìwé. Wọ́n ń rọ̀ wọ́n, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n, wọ́n ń bá wọn ya fọ́tò. Ta ló ń bẹ ìyá onírẹsì?

Ọ̀gbẹ́ni Tòkunbọ̀ Wahab, kọmíṣọ́nnà ètò àyíká l'Ékòó, kì í ṣe ẹni tó ń sá fún ariwo. A ti rí i tó ń wó ilé tó dí ojú àgbàrá, kò sì wo ojú onílé. Kó lo ojú yẹn fún àwọn oníléeṣẹ́. Kó gbé orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ní Èkó jáde, pẹ̀lú iye tí oníkálukú wọn ń san fún kíkó ike. Kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé irin-iṣẹ́ ìwọ̀n lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Títí wọn yóò fi ti ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má ti ṣọ́ọ̀bù ìyá olóúnjẹ.