Kì í Ṣe Gbogbo Ọkọ̀ Dísù Ló Ń Pẹ́: Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Píkọ́ọ̀pù Àlòkù Láti Fi Fa Ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà

Láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ra ọkọ̀ ní ọjà gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fà á lọ sí èbúté Houston tàbí ti Baltimore kí ó lè bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí owó ò bá pọ̀ lọ́wọ́, kí èèyàn wá píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo dísù rà, nítorí pé ẹ́ńjìnnì dísù kì í kú, pé máìlì tó ti rìn kò já mọ́ nǹkan kan, àti pé kò sí ẹrù tí kò lè fà. Ọ̀rọ̀ yìí ń kó àwọn tó fi owó díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò sí gbèsè. Ó yẹ ká tú u wò dáadáa, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí èèyàn gba ìyókù gbọ́ láìbéèrè.

Òótọ́ ibẹ̀ nìyí. Ẹ́ńjìnnì dísù kì í lo pọ́lọ́ọ̀gì láti taná sí epo. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé epo tó bá wọlé bá a yóò gbiná fúnra rẹ̀. Irin tí yóò gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é ní nínípọn, tí wọn kì í sì í jẹ́ kó yí kíákíá bíi ti bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì dísù Cummins 5.9 (irú nọ́ńbà yìí ń sọ bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó ní lítà) tí Dodge bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní ọdún 1989 wúwo tó bíi 1,100 póùn. Àwa tí a dàgbà sí ilé náà ti fojú rí i: Mercedes 911 tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó Oǹdó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ awakọ̀ tó wà á lọ. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù onírin lásán ló ń pín epo fún 911 yẹn, kò ní kọ̀ǹpútà kankan, mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè tú u kó sì tò ó padà, owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí kan ṣoṣo lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọ dísù lè gba 150 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, irin ẹ́ńjìnnì lè wà níbẹ̀ títí, ohun tó so mọ́ ọn ni yóò máa jẹ owó. Ẹ wo Cummins 5.9 ti àárín ọdún 1998 sí 2002, tí àwọn èèyàn ń yìn. Pọ́ǹpù kan tí wọ́n ń pè ní VP44 ló ń ti epo sínú àwọn nọ́súlù rẹ̀, tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Epo tó ń gba inú pọ́ǹpù yìí kọjá náà ló ń mú un tutù, òun náà ló sì ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ máa yọ̀ mọ́ra láìha. Pọ́ǹpù kékeré mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń fa epo láti inú táńkì wá fún un. Bí ó bá rẹ pọ́ǹpù kékeré yẹn, ọkọ̀ kò ní dúró. Yóò ṣì máa sáré, awakọ̀ kò ní mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ VP44 ti ń gbẹ, ó ti ń gbóná, títí yóò fi kú lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ra irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù kékeré náà, kí ó sì wò ó bóyá wọ́n so gééjì mọ́ ọn tó ń fi bí epo ṣe ń tì hàn. Iye máìlì kò lè sọ èyí fún un.

Duramax, ẹ́ńjìnnì dísù ti Chevrolet àti GMC, èyí tó jáde láti 2001 sí 2004, ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nọ́súlù rẹ̀ ń bàjẹ́ débi pé ilé iṣẹ́ GM fúnra rẹ̀ sún àdéhùn pípààrọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ síwájú di ọdún méje tàbí 200,000 máìlì. Àdéhùn yẹn ti parí tipẹ́tipẹ́. Abẹ́ ìdérí fáfù ni nọ́súlù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wákàtí ni mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ fi tú nǹkan kó tó fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́. Ní ti ẹ́ńjìnnì dísù Ford 6.0 ti 2003 sí 2007, ọ̀nà tóóró tí omi ń gbà nínú kúlà ọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú ọ́ìlì tutù, ló máa ń dí. Bí ó bá ti dí, omi kò ní dé inú kúlà kejì tó ń mú èéfín tutù, kúlà náà yóò là, omi yóò wọnú ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò sì tẹ̀ lé e. Ìdí tí owó Ford yìí fi máa ń kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, òun gan-an sì ni ẹni tí owó rẹ̀ ò tó máa ń sáré rà.

Àwọn kan á ní ìnira yẹn ò burú, torí pé bẹntiróòlù kò lè fa ẹrù. Agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí táyà, èyí tí ìwé ọkọ̀ ń pè ní torque, jẹ́ 400 lb-ft (póùn-ẹsẹ̀) fún Cummins ti 1989. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù 6.2 tí Ford gbé sínú píkọ́ọ̀pù F-250 ní 2011 jẹ́ 405 lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé dísù máa ń mú agbára rẹ̀ jáde kí ẹ́ńjìnnì tó yí tó ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí bẹntiróòlù yẹn gbọ́dọ̀ yí tó 4,500. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ ó gbọ́ igbe ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, dísù yóò sì máa gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́. Igbe yẹn ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, wọ́n rò pé ọkọ̀ ti fẹ́ kú, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é pé kó máa ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn.

Ẹ sì ro ẹrù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fà. Toyota Corolla kan wúwo tó bíi 2,900 póùn, Highlander tó bíi 4,200. Tírélà onírin kékeré tó ń gba ọkọ̀ ẹyọ kan, irú èyí tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, wúwo tó bíi 2,000. Àpapọ̀ Highlander àti tírélà rẹ̀ kò ju 6,200 lọ. Píkọ́ọ̀pù F-250 tàbí Chevrolet 2500 tó ń lo bẹntiróòlù yóò fà á láti Dallas dé Houston láìsí wàhálà.

Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ tán lára píkọ́ọ̀pù ni ìwọ̀n tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbà, ẹ́ńjìnnì sì lè ṣì ní agbára púpọ̀ nígbà náà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwé kan wà níbẹ̀ tó sọ pé àpapọ̀ ìwọ̀n èrò àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ lè má ní ju ìwọ̀n tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá. Ẹ gbé irú rẹ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n ní ilé epo àwọn awakọ̀ ńlá, kí ẹ yọ ìwọ̀n ọkọ̀ kúrò nínú iye yẹn. Ohun tó kù ni ẹ lè gbé. Ká ní ó jẹ́ 2,300 póùn. Tírélà gooseneck tó wúwo tó 10,000 póùn, tí à ń so mọ́ àárín agbọ̀n píkọ́ọ̀pù, sábà máa ń gbé bíi ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ọkọ̀ lórí, ìyẹn 2,000. Awakọ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú irin iṣẹ́ ti tó láti kọjá ààlà. Ẹ wá rántí pé ẹ́ńjìnnì dísù fúnra rẹ̀ wà lára ìwọ̀n náà: bí píkọ́ọ̀pù méjì bá jọra, tí ààlà ìwọ̀n wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, èyí tó ń lo bẹntiróòlù ló máa gba ẹrù jù lẹ́yìn.

Ní ti epo, òótọ́ ni pé dísù ń rìn jìnnà jù lórí gálọ́ọ̀nù kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé bẹntiróòlù rin máìlì 10 lórí gálọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹrù, tí dísù rin 13. Ká sọ pé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù jẹ́ 3.20 dọ́là, tí ti dísù jẹ́ 3.80, nítorí dísù ló máa ń wọ́n jù. Lórí 10,000 máìlì, bẹntiróòlù gba 3,200 dọ́là, dísù gba bíi 2,923. Èrè ibẹ̀ kò tó 280 dọ́là. Bí nọ́súlù bá wá gba 3,000 dọ́là lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ náà kọjá 100,000 máìlì kí epo tó san án padà, a ò sì tíì ka ọ́ìlì mọ́ ọn: ẹ́ńjìnnì dísù Ford 7.3 ń mu kúọ́ọ̀tì 15 nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹni tó ń fa 10,000 póùn sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń gba ọ̀nà olókè, dísù tọ́ sí i, n kò sì ní sọ fún un pé kó má rà á. Ford 7.3 ti 1999 sí 2003 dára, Duramax ti 2006 sí 2007 tó ní gíà Allison náà dára, bẹ́ẹ̀ sì ni Cummins 5.9 ti 2003 sí 2007. Kí ó fi bí ìdá mẹ́ta owó rẹ̀ pamọ́ fún àtúnṣe ọdún àkọ́kọ́, kí ó sì rí rísíìtì àtúnṣe kó tó sọ̀rọ̀ owó. Ti Dodge àtijọ́ tí gíà rẹ̀ ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀, gíà yẹn ni kí ó bẹ̀rù ju ẹ́ńjìnnì lọ, pàápàá bí ẹni tó tà á bá ti fi kún agbára ẹ́ńjìnnì náà.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tíì tan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́ńnẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, nítorí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tan án níṣojú yín, kí ẹ dúró lẹ́yìn níbi páìpù èéfín. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì ń rùn bí omi rédíétọ̀, omi ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Nígbà tó bá ń yí jẹ́jẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ gbé e padà sórí ihò náà láìyí i. Bí ó bá kàn ń mì díẹ̀, kò burú. Bí ó bá ń fò, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ru jáde, àwọn ríìngì píṣítìnnì ti jẹ. Ní ti Ford 6.0, ẹ mú ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dání, kí ẹ wà á lójú ọ̀nà márosẹ̀ títí yóò fi gbóná dáadáa: bí ooru ọ́ìlì bá fi ju 15 lọ lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ga ju ti omi, kúlà ọ́ìlì ti ń dí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí òfin èéfín yí padà ní 2007. Asẹ́ èéfín wà lábẹ́ wọn, ó sì máa ń tètè dí bí ọkọ̀ bá ń rin ìrìn kúkúrú láàárín ìlú. Àwọn kan ti gé asẹ́ náà sọ nù, wọn á sì sọ fún yín pé àǹfààní ni wọ́n ṣe fún yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lòdì sí i, ìpínlẹ̀ bíi Califọ́níà máa ń yẹ ọkọ̀ dísù wò ní ọdún méjì-méjì, ọ̀pọ̀ dọ́là ni títún asẹ́ mìíràn fi síbẹ̀ yóò sì gbà. Ẹ wólẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ páìpù gbọọrọ lásán lẹ rí níbi tó yẹ kí asẹ́ wà, ẹ má ra ọkọ̀ náà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.